Àga Tí Ìyáálé Mi Ń Bá Mi Gbé

Ọjọ́ pẹ́ tí orúnkún ti ń ro mí. Mo wọkọ̀ láti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí lọ sí ọsibítù, dókítà ò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ó ní ọjọ́ orí ni. Ọjọ́ orí wo? Ìyáálé mi jù mí lọ dáadáa, wọ́n sì ń forí kanlẹ̀ kírun, wọ́n á tún dìde wuyẹ́. Èmi, orí àga ni mo ti ń kírun. Àwọn ló ń bá mi gbé àga náà lọ sí mọ́sálásí, ọwọ́ kan ni wọ́n fi ń gbé e, ìyẹn sì máa ń dùn mí ju orúnkún lọ.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, nígbà tí ìrun parí, wọ́n di ògiri mú kí wọ́n tó lè dìde. Alihamudulilai ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Wọ́n rò pé mò ń dúpẹ́ pé wọn ò ṣubú.

Wọ́n ní, “O ṣé, ìyàwó mi.” Wọ́n sì gbé àga mi.