Agogo Tíṣà àti Orúkọ Tí A Yá

Ìwé fọ́tòkọ́pì kan dé ilé wa ní Okokomaiko lọ́sẹ̀ tó kọjá. "ÌKÌLỌ̀" ni wọ́n kọ sí orí rẹ̀ gàdàgbà, wọ́n sì fa ìlà méjì sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó jẹ́ alága ìpàdé ẹbí wa ní Èkó, ló fọwọ́ sí i. Ó ní láti òní lọ, ẹnikẹ́ni tí kò bá kọ orúkọ ìdílé gẹ́gẹ́ bí Bàbá Àgbà ṣe kọ ọ́, láìyí lẹ́tà kan padà, kì í ṣe ọmọ ìdílé, kò sì gbọdọ̀ jókòó ní ìpàdé.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo rí àṣìkọ mẹ́ta nínú rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo wá bírò.

Mi ò ní kọ orúkọ náà síbí. Ẹni tó mọ̀ wá mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò mọ̀ wá kò nílò rẹ̀. Bàbá Àgbà tí wọ́n ń sọ ni bàbá tó bí bàbá ọkọ mi. Tíṣà ilé-ìwé míṣọ́ọ̀nù ni nígbà ayé rẹ̀, ní ìlú wa tó bọ́ sí ìpínlẹ̀ Ògùn lónìí. Ó máa ń fi "h" sí àárín orúkọ náà, bí àwọn òyìnbó ṣe kọ́ ọ. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọkùnrin mẹ́ta ni mo bá nílé ọkọ. Ẹ̀gbọ́n fi "h" náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Ọkọ mi kò ní "h", nítorí pé akọ̀wé tó gbà á síṣẹ́ kọ ohun tó wù ú sínú fáìlì, ọkọ mi kò sì láyà láti sọ fún un pé ó ṣì í. Àbúrò wọn, tó ń tún rédíò ṣe ní Àlàbá, gé ìdajì orúkọ náà dànù nítorí pé pátákó tó fẹ́ gbé kọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù kò gba gbogbo rẹ̀. Pátákó ló sọ ọ́ lórúkọ. Ọmọ ìyá kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní nǹkan bí ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àkọ́bí mi obìnrin ń kàwé ní yunifásítì ìpínlẹ̀ tó wà nítòsí wa. Ìyá tó ń ṣọ́ ọmọ ni mí, mi ò sì tijú rẹ̀. Mo mọ ìgbà tí kíláàsì rẹ̀ ń parí, mo sì mọ iye ìṣẹ́jú tó yẹ kó lò láti géètì dé ẹnu ọ̀nà wa. Ọjọ́ tó mú ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ wálé láti Ìbà Housing Estate, mo ní kí ó kọ orúkọ rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀ àti ìlú rẹ̀ sínú nótùbúùkù mi kí n tó bu omi fún un.

"Mọ́mì, ṣé fọ́ọ̀mù iṣẹ́ lẹ fún un ni?" ọmọ mi bi mí.

"Jẹ́ kó kọ ọ́. Ẹni tí kò bá lè kọ orúkọ bàbá rẹ̀ kò ní fẹ́ ọmọ mi."

Ó kọ ọ́. Orúkọ wa ni. Kì í ṣe bí ọkọ mi ṣe ń kọ ọ́ o, bí Bàbá Àgbà ṣe ń kọ ọ́ ni, pẹ̀lú "h" rẹ̀. Ìlú kan náà ni pẹ̀lú. Àwa kì í jẹ́ kí ẹlẹ́jẹ̀ kan náà fẹ́ra, mo sì ti ń ro àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí.

Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ní Ajangbadi tó ń gbé. Ó dé lọ́jọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó sórí àga ọkọ mi, ó gba nótùbúùkù náà lọ́wọ́ mi.

"Ìyàwó, o ò rí 'h' yìí ni? Ọmọ Bàbá gidi nìwọ̀nyí, wọ́n tiẹ̀ jọ ọmọ Bàbá ju ẹ̀yin tí ẹ ti ba orúkọ jẹ́ lọ. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. Kò sí ìgbéyàwó níbẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti bi ẹnikẹ́ni léèrè?"

"Kí ni mo fẹ́ bi ẹnikẹ́ni? Mo mọ̀wé, mo sì lójú."

Mo wo ọkọ mi. Ó ń wo bàtà ara rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀," ó ní. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ ló ti ń sọ gbólóhùn yẹn, mi ò sì tíì rí ọjọ́ kan tó wúlò fún wa.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ọmọ mi fi sunkún. Mo wọ inú yàrá lọ bá a. Mo ní, "Gbọ́ mi dáadáa. Bí ẹ̀jẹ̀ bá pa yín pọ̀, èmi fúnra mi ni màá lé e jáde. Bí kò bá pa yín pọ̀, kò sí lẹ́tà tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n màá kọ́kọ́ mọ èyí tó jẹ́ òtítọ́."

Mo kó gbogbo ìwé ilé jọ: ìwé ìrìbọmi, rìsíìtì owó orí àtijọ́, ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé, ìwé tí wọ́n fi búra ọjọ́ orí ní kọ́ọ̀tù. Mo fa ìlà sínú nótùbúùkù: bí wọ́n ṣe kọ orúkọ náà, ẹni tó kọ ọ́, ibi tó ti kọ ọ́. Nígbà tí mo fi máa dé ojú ewé kẹrin, mo ti rí i pé bàbá ọkọ mi nìkan ní oríṣi orúkọ mẹ́ta, òun kọ́ ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ̀kankan. Akọ̀wé owó orí kọ tirẹ̀, akọ̀wé kọ́ọ̀tù kọ tirẹ̀, pásítọ̀ náà kọ tirẹ̀. Kò sí èyí tó béèrè nínú wọn. Mo pa nótùbúùkù dé. Ohun tí mò ń wá kò sí nínú lẹ́tà. Ẹni tó mú bírò nìkan ni lẹ́tà lè sọ fún mi, kò lè sọ ẹni tó bí ẹnikẹ́ni.

Mo bá lọ sí Ìbà, lọ́dọ̀ ìyá tó bí bàbá ọmọkùnrin náà. Ó ń ṣa ẹ̀wà lójúde nígbà tí mo dé. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ẹni tí mo jẹ́.

"Màmá, ẹ dákun, ta ló bí ọkọ yín tó ti dolóògbé?"

Ó rẹ́rìn-ín títí tí ẹ̀wà fi dà sílẹ̀. "Nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe ń dá ọmọ lóró? Àgbẹ̀ ló bí ọkọ mi, àgbẹ̀ náà ò sì jẹ́ orúkọ yín rí. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe láyé ijọ́un. Tí wọ́n bá fi ọmọ sọ́dọ̀ tíṣà kó lè kàwé, tíṣà á mú un dé ilé-ìwé, á sì kọ orúkọ ara rẹ̀ tẹ̀lé tọmọ. Ta ló fẹ́ lọ bi bàbá tó wà lóko léèrè? Ọdún méje lọkọ mi fi pọnmi, tó fi gbálẹ̀ nílé Tíṣà yín. Nígbà tó máa jáde, orúkọ yín ti wà lọ́rùn ẹ̀. A yá a ni, ìyàwó. Ẹ ò wá gbà á, àwa náà ò dá a padà."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi, ìyẹn gan-an ló sì bà mí lẹ́rù. Ìyá àgbà tó ń wá ìyàwó fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ lè sọ ohunkóhun.

"Màmá, ẹ má bínú. Ṣé ẹ ní ẹ̀rí?"

Kò bínú. "O gbọ́n. Ìyá ọmọ ni ẹ́." Ó nawọ́ sí inú pálọ̀. Agogo ọwọ́ kan wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń lù nílé-ìwé, igi tí wọ́n fi ń dì í mú ti là. "Nígbà tí Tíṣà kú, wọ́n pín ogún. Ọkọ mi ò ní ìpín, ta ni ká ní ó fún un? Wọ́n kàn ní kó máa mú agogo tó ń bá Tíṣà lù láràárọ̀ lọ, torí pé ó sìn ín. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pàápàá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan báyìí ló kọ ọ́, ọmọ-ọmọ Tíṣà, tó máa ń sọ Gẹ̀ẹ́sì sí àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì."

Mo mọ ẹni náà lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí mo délé, mo fa àpótí irin ọkọ mi jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ń bẹ níbẹ̀, ẹ̀dà ìwé ìpín ogún Bàbá Àgbà, lábẹ́ àwọn ìwé iṣẹ́ rẹ̀. Ìyàwó méjì ni Bàbá Àgbà ní, nítorí náà ìdí-igi méjì ni wọ́n pín ogún sí, ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ìyá rẹ̀. Mo fi ìka tẹ̀ lé orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ní "h", àwọn kan ò ní, gbogbo wọn ló sì gba ìpín. Nísàlẹ̀ pátápátá ni mo rí i: "Ẹ̀bùn, kì í ṣe ìpín: agogo kan, fún ọmọ tó gbé lọ́dọ̀ Bàbá." Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló kọ ọ́. Ó fọwọ́ sí i, ó sì fa ìlà méjì sí abẹ́ rẹ̀.

Mo tún bi ọmọkùnrin náà nípa ìyá rẹ̀ àti ìyá tó bí ìyá rẹ̀. Èkìtì ni wọ́n ti wá, wọn ò sún mọ́ wa rárá. Ìgbà náà ni mo tó mú ọkọ mi, a gba Ajangbadi lọ.

Ẹ̀gbọ́n wọ awò, ó ka ìwé náà. Ó bọ́ awò, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Níbo lo ti rí èyí?"

"Nínú àpótí àbúrò yín."

"Ó ti pẹ́ jù. Ìwé àtijọ́ ni."

"Agogo náà ti pẹ́, Ẹ̀gbọ́n, ó ṣì ń dún."

"Ìyàwó, o máa ń ṣe bíi lọ́yà."

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, Ẹ̀gbọ́n. Èmi kàn gbé e wá ni."

Ìyàwó rẹ̀ yọjú láti kíṣìnì, ó wo ìwé náà láti ẹ̀yìn èjìká rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ọwọ́ yín rèé o! Ìlà méjì yín rèé!"

Ẹ̀gbọ́n gbé orí sókè. "Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀," ó ní. "Mo kàn fẹ́ wò bóyá ẹ máa ṣe ìwádìí ni."

Ọmọ mi tó fi ọjọ́ mẹ́ta sunkún, ìdánwò ló fi í ṣe! Mo ká ìwé mi, mo kí ìyàwó rẹ̀, mo jáde. Lójú ọ̀nà, ọkọ mi ní, "Ẹ̀gbọ́n ti gbà." Mo ní kó kúkú dákẹ́.

Wọ́n ṣègbéyàwó. Ọmọ méjì ni wọ́n ti bí, ara àwọn méjèèjì sì le. Ẹ̀gbọ́n ló gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó náà, àdúrà tó gùn ju ìwàásù pásítọ̀ lọ.

Ọkùnrin yìí kan náà ló wá fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ jẹ́ ká fi òfin rẹ̀ wọ̀n wá wò. Ọkọ ọmọ mi, tí kò ní ẹ̀jẹ̀ Bàbá Àgbà lára, yóò wọlé ìpàdé, wọn yóò fún un ní àga, nítorí pé "h" rẹ̀ pé. Ọkọ mi, ọmọ-ọmọ Bàbá Àgbà, yóò dúró síta pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ tí pátákó sọ lórúkọ. Ìyẹn ṣì jẹ́ ẹ̀rín. Èyí tí kò jẹ́ ẹ̀rín ni pé mo ní ọmọbìnrin mìíràn tó ń dàgbà nílé. Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin kan lè wọlé wá, tí orúkọ rẹ̀ kò jọ tiwa rárá, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ tiwa. Wọn yóò wo orúkọ rẹ̀, wọn yóò sì ní àlejò ni.

Nítorí náà, ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún kéré. Ẹ lọ bá àgbàlagbà tó kù nínú ilé yín, kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ bi í pé: ta ló bí yín, ilé ta lẹ gbé nígbà tí ẹ wà ní kékeré, ta ló mú yín lọ sílé-ìwé? Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sí ẹ̀yìn fọ́tò rẹ̀ gan-an, ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ àti ẹni tó kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe é lọ́sẹ̀ yìí.