Ọjọ́ Tí Fàtíù Gbàgbé Láti Yí Ojú Kámẹ́rà

Fáànù ni mo ń tún ṣe ní Ikate, pákó fẹ́lẹ́ kan ló sì wà láàrin ṣọ́ọ̀bù mi àti ti Fàtíù Ògúnbọ̀dé onífọ́tò. Nítorí náà, mi ò yọ́ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Pákó ló gbọ́ ọ, tó sì sọ fún mi.

Fíìmù ni Fàtíù fi ń ya fọ́tò di òní olónìí. Nígbà tí fóònù sọ gbogbo ayé di onífọ́tò, mo ní kó wá kọ́ iṣẹ́ fáànù lọ́dọ̀ mi. Kò wá. Ní báyìí, àwọn ọmọ inú ẹ́sítéètì ló ń wá a kiri, wọ́n ní fọ́tò fíìmù ló wuyì. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rí lórí ọ̀rọ̀ yẹn, èyí sì máa ń bí mi nínú.

Kámẹ́rà rẹ̀ dàgbà ju ìyàwó mi lọ. Ojú rẹ̀, ìyẹn gíláàsì iwájú, ṣeé yọ, Fàtíù sì ní oríṣiríṣi tó ń pààrọ̀. Àwọn irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà nínú ojú kọ̀ọ̀kan tó máa ń là tàbí kó pa dé, kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé níwọ̀n. Òrùka ara rẹ̀ la fi ń darí wọn. Irin kékeré oníwo méjì wà lórí òrùka náà tó ń gbá ìkọ́ kan mú lára kámẹ́rà. Ibi tí òrùka bá yí sí, ìkọ́ á tẹ̀ lé e, kámẹ́rà á sì mọ bí yóò ṣe ṣírò ìmọ́lẹ̀. Àmọ́ kò lè dá mọ ibi tí ojú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i lè là dé. Àfi kí èèyàn yí òrùka dé òpin lápá kan, kó tún yí i dé òpin lápá kejì. Bí o kò bá yí i, kò ní bínú. Á kàn ṣírò irọ́ fún ọ, fọ́tò á sì dúdú.

Krẹ́, krẹ́. Gbogbo àdúgbò ló mọ ìró yẹn. Àwọn kan rò pé àdúrà ni, Fàtíù sì máa ń ṣàlàyé fún wọn pé kámẹ́rà ò lè dá mọ̀, èèyàn ló gbọ́dọ̀ sọ fún un. Lọ́jọ́ fìdáù ìyá rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ya fọ́tò. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì yí i.

Adébùkọ́lá ń tún àwọ̀n ṣe fún àwọn apẹja létí òkun. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́. Fàtíù fẹ́ràn rẹ̀. Èmi mọ̀, àwọn oníkẹ̀kẹ́ mọ̀. Adébùkọ́lá nìkan ni kò mọ̀, torí bí Fàtíù bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á béèrè iye tí wọ́n ń ta ẹja, á sì padà wálé. Adébùkọ́lá kì í ta ẹja.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin náà wọ léèsì wá sí ṣọ́ọ̀bù.

“Bọ̀dá Fàtíù, ẹ kú iṣẹ́ o. Hameedah ọmọ mi ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Lakowe. Sátidé la máa kó ẹrù. Gbogbo fọ́tò mi ló wà nínú fóònù tó bọ́ sínú ọ̀sà. Ẹ bá mi snap èyí tó dáa.”

“Sátidé?”

“Sátidé tó ń bọ̀ yìí.”

Lakowe kì í ṣe Mẹ́kà. Ṣùgbọ́n fún ọkùnrin tí kò lè sọ ọ̀rọ̀ kan létí òkun tó wà nítòsí, Lakowe jìnnà ju Mẹ́kà lọ. Mo gbọ́ tó yọ ojú kámẹ́rà kan, tó fi òmíràn sí i. Mo pa fáànù tó wà lórí tábìlì mi kí n lè gbọ́ dáadáa. Krẹ́ kò dún. Ó kàn yà á.

Nígbà tí Adébùkọ́lá padà wá gba fọ́tò, yẹtí àti eyín nìkan ló hàn nínú rẹ̀.

“Bọ̀dá Fàtíù, ta lèyí?”

“Ẹ̀yin ni.”

“Ṣé ẹ yí i?”

“Mo gbàgbé.”

“Ẹ ò gbàgbé lọ́jọ́ fìdáù màmá yín. Mo wà níbẹ̀. Kí ló wá ṣe yín?”

“Ẹ ní ẹ ń lọ sí Lakowe.”

“Kí nìyẹn kan kámẹ́rà?”

“Kò kan kámẹ́rà. Èmi ló kàn.”

Ká ní ihò wà lára pákó yẹn ni, ǹ bá ti na ọwọ́ gba ibẹ̀ ti ọkùnrin yìí síwájú.

“Ẹ̀yin náà lẹ ń sọ pé kámẹ́rà ò lè dá mọ̀, àfi tí èèyàn bá sọ fún un,” ni Adébùkọ́lá wí. “Èmi ńkọ́? Ọjọ́ wo lẹ ti ń bi mí léèrè iye ẹja?”

“Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ lọ,” ni Fàtíù wí, bí ẹni ń sọ iye owó fọ́tò. “Mo fẹ́ fẹ́ yín.”

Mo gbọ́ tí àga dún. Adébùkọ́lá jókòó.

“Ẹ tún un yà. Ẹ yí i kí n gbọ́.”

Krẹ́. Krẹ́.

Ní Sátidé, Hameedah gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá, ó sì gbé e padà lófìfo. Èmi ló kanra mọ́, bí ẹni pé èmi ni mo ni kámẹ́rà. Fọ́tò kejì mọ́ kedere, ìhunjọ ojú Adébùkọ́lá pàápàá hàn nínú ẹ̀rín rẹ̀. Inú àpótí ni Adébùkọ́lá fi í sí. Èyí tó dúdú ló gbé kọ́ sí pálọ̀.