Ẹ̀rọ Ìgbálẹ̀ Tí A Rà Nítorí Èémí Ọmọ

Òórùn tùràrí ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ẹni ní pálọ̀ ìyá ọkọ mi ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òórùn káńfọ̀ tí wọ́n ń fi sábẹ́ tìmùtìmù àga, lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni ti rọ́ọ̀gì pupa ńlá kan tó bo ilẹ̀ láti ògiri dé ògiri. Rọ́ọ̀gì náà ki débi pé tí o bá bọ́ bàtà tí o tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ rẹ á rì díẹ̀. Àrán ni wọ́n fi bo àwọn àga, kọ́tìnì tó wúwo sì wà lójú fèrèsé. Ilé náà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ilé àtijọ́ tí ìta wọn kì í jọ ẹni lójú: páànù ti dípatà, ògiri ti bó, ṣùgbọ́n tí o bá ti gbé aṣọ ẹnu ọ̀nà sókè, wàá mọ̀ pé ọwọ́ obìnrin kan kì í sinmi níbẹ̀. Mo fẹ́ràn yàrá yẹn gan-an, torí inú rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ fà mí jókòó nígbà tí mo jẹ́ ìyàwó tuntun.

Àwo táńganran ni Màmá ń tà l'Ọ́jà'ba. Àwo kan kì í kúrò níwájú wọn láìjẹ́ pé wọ́n nù ún títí tí oníbàárà á fi rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀, bí wọ́n sì ṣe ń ṣe ọjà náà ni wọ́n ń ṣe ilé. Tí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, ìgbálẹ̀ ló kàn. Wọ́n á fi ọwọ̀ gbígbẹ na rọ́ọ̀gì yẹn láti igun dé igun, wọ́n á gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á wá bọ́ síta, wọ́n á gbá ojúde títí dé etí gọ́tà. Kí oòrùn tó yọ lórí Mápó, ibẹ̀ á ti mọ́ fínnífínní, ipa ọwọ̀ á sì wà lára ilẹ̀ fún gbogbo èrò ọjà láti rí. Ìdíje ni láàárín àwọn obìnrin agbo ilé náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ jáde. Kí o pe ẹnì kan ní ahun níbẹ̀, ó lè rẹ́rìn-ín. Kí o pè é ní ọ̀bùn, ìjà dé nìyẹn.

Ọmọ wa obìnrin ní ikọ́ fée. Nínú fúláàtì wa ní Òkè-Àdó, tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ táìsì tí a ń fi omi nù, a máa ń gbàgbé pé ó ní in. Ìgbà tó bá lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ni wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀, tí àyà rẹ̀ á máa súfèé. Nígbà ìsinmi kan, láti pálọ̀ yẹn la ti gbé e digbadigba lọ sílé ìwòsàn. Mi ò lè gbàgbé bí ihò imú rẹ̀ ṣe ń fẹ̀, tí kòtò ọrùn rẹ̀ ń wọnú, tí kò sì lè sunkún, torí pé èémí ni ẹkún náà ń fẹ́. 

Nígbà tí ara ọmọ balẹ̀ tán, dókítà bi mí bí yàrá tó ń sùn ṣe rí. Mo ní inú pálọ̀ yẹn ni, mo ṣàlàyé rọ́ọ̀gì, mo ṣàlàyé kọ́tìnì, mo ṣàlàyé ọwọ̀ àárọ̀. Ó ní, "Ara ọmọ yín kọ eruku. Eruku sì wà tí ojú ò lè rí." Ó ní rọ́ọ̀gì ló ń tọ́jú eruku pa mọ́, ọwọ̀ gbígbẹ wá ń gbé e sáfẹ́fẹ́ fún ọmọ láti fà símú. Ó ní tí a ò bá lè ká rọ́ọ̀gì kúrò pátápátá, ká wá fákúùmù, ẹ̀rọ tó ń fa eruku, ṣùgbọ́n ká yẹ asẹ́ inú rẹ̀ wò dáadáa, kó má lọ jẹ́ pé ohun tó fà níwájú ló máa tú jáde lẹ́yìn.

Ó wá ku ẹni tó máa sọ fún Màmá. Báwo lo ṣe fẹ́ wí fún obìnrin tó ń gbálẹ̀ bẹ́ẹ̀ pé eruku ilé rẹ̀ ló ń dí ọmọ ọmọ rẹ̀ ní imú? Ọkọ mi, tó lè dá ọlọ́pàá lóhùn lójú títì, sọ ọ̀rọ̀ náà dirọ́. Ní ìsinmi kan, ó ní ọmọ ní lẹ́sìn, ẹ̀kọ́ ìgbà ìsinmi. Ní èyí tó tẹ̀ lé e, ó ní a fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá tèmi. Ó rò pé òun ń dáàbò bo ìyá òun ni. Èmi náà ò sì mọ bí mo ṣe fẹ́ gbà á sọ, torí tí ọ̀rọ̀ bá ti ẹnu èmi ìyàwó jáde, ta ló máa gbọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ dókítà? Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tiwa ò tiẹ̀ tó ọdún.

Màmá dé sí wa láìsọ tẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú kan, wọ́n gbé báàgì kan lọ́wọ́. Wọn ò jókòó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù ọmọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan: àwo rẹ̀ kékeré tó ní òdòdó, bùbá tí wọ́n rán fún un, ìrọ̀rí rẹ̀, àti sálúbàtà kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tóbi jù.

"Mo kó ẹrù rẹ̀ wá," ni wọ́n wí. "Tí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ sọ ọ́ fún mi. Ẹ má fi ọmọ jẹ mí níyà."

Ojú èmi ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ojú ọmọ wọn. Mo kúnlẹ̀, mo ń bẹ̀bẹ̀, ẹnu mi ò sì gbé ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ. Wọn ò mu omi kí wọ́n tó lọ. Inú mi bàjẹ́ gidigidi, nítorí láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn, bí ọmọ tí wọ́n bí ni wọ́n ṣe mú mi, mo sì rí i pé ìyẹn ti fẹ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ kejì, ọkọ mi gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ọjà tókunbọ̀ lọ, ó ní òun máa ra fákúùmù fún ìyá òun. Èrò rẹ̀ ni pé tí a bá pè é ní ẹ̀bùn nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n, a ò ní nílò láti dárúkọ eruku rárá. Mo bi í bóyá ó wo asẹ́ inú rẹ̀. Ó ní, "Gbé e wò bó ṣe wúwo tó. Ti Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn, ojúlówó." Ariwo rẹ̀ dà bíi ti ẹ̀rọ ìlọta, ìyẹn gan-an ló sì wu ọkọ mi jù, torí lójú tirẹ̀, ẹ̀rọ tí kò bá pariwo kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Nígbà tí a gbé e dé Bẹ́ẹ̀rẹ̀, àwọn ìyàwó agbo ilé ya wá wòran. Màmá wo ẹ̀rọ náà títí.

"Ẹ̀rọ ìgbálẹ̀? Ta ló ní ilẹ̀ mi ò mọ́?"

"Ẹ̀yìn yín ni, Màmá," ni ọkọ mi dáhùn kíá. "Kẹ́ ẹ lè yéé bẹ̀rẹ̀."

Ojú wọn rọ̀ díẹ̀, torí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn kì í ṣe ọ̀bùn. Iná sì wà lọ́jọ́ náà. Ọkọ mi ki wáyà bọ ògiri, ó tan ẹ̀rọ. Kò pẹ́ tí òórùn tùràrí fi sá kúrò ní pálọ̀, tí òórùn aṣọ tútù tó ti bu rọ́pò rẹ̀, tí eruku lẹ́búlẹ́bú wá ń rú jáde lẹ́yìn ẹ̀rọ. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Àpò tó ń gba eruku sínú já, ìdì ńlá kan sì jábọ́ sórí rọ́ọ̀gì. Màmá bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ìka méjì fa irun funfun gígùn kan yọ nínú rẹ̀.

"Irun kí rè é?"

 Ìyàwó kan tó ti bá òyìnbó ṣiṣẹ́ rí ló sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láti ẹnu ọ̀nà pé, "Ó jọ ti ajá, Alhaja. Inú ilé làwọn òyìnbó ti ń sìn ín."

"Ajá! Lórí ibi tí mo ti ń kírun!" Màmá káwọ́ lérí. "Láti ọjọ́ tí mo ti ń fi ọwọ̀ gbá ilé yìí, irun ajá ò wọlé tọ̀ mí rí. Ẹ̀rọ lẹ fi gbé e wá bá mi láti Lọ́ńdọ̀nù!"

Ọ̀ràn burúkú tòun tẹ̀rín. Mo gé ètè mi jẹ, ṣùgbọ́n àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ò lè mú un mọ́ra, nígbà tí Màmá fúnra wọn sì rí bí ojú ọmọ wọn ṣe rí, àwọn náà bú sẹ́rìn-ín. A kó àga jáde, a ká rọ́ọ̀gì, a gbé e síta, a da omi àti ọṣẹ lé e. Dúdú ni omi náà ń ṣàn. A tún da òmíràn, dúdú ni. A fọ̀ ọ́ títí ọwọ́ fi ń ro wá, síbẹ̀ omi náà ò mọ́. Màmá dáwọ́ dúró, wọ́n ń wò ó bó ṣe ń lọ sí gọ́tà.

"Eléyìí kì í ṣe ti ajá," ni wọ́n wí, bí ẹni ń dá sọ̀rọ̀.

Mo mọ̀ pé tí mi ò bá sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, mi ò ní sọ ọ́ mọ́. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, nínú omi ọṣẹ.

"Màmá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn yín. Èémí ọmọ ni. Ara rẹ̀ kọ eruku, dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà wá kẹ́ ẹ má rò pé a pè yín l'ọ́bùn."

 Ìfófòó ọṣẹ ń gbẹ lọ́wọ́ wọn.

"Ọjọ́ tẹ́ ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn yẹn," ni wọ́n wá bi mí, "ṣé òun náà nìyí?"

"Òun ni, Màmá."

"Mo sì gbálẹ̀ lé e lórí láàárọ̀ ọjọ́ náà." Omi bọ́ lójú wọn. Ìgbà yẹn ni wọ́n yíjú sí ọkọ mi. "Ìwọ mọ̀, o wá ń wò mí tí mò ń bínú sí ìyàwó? Kí ni mo fẹ́ fi orúkọ onímọ̀ọ́tótó ṣe tí ọmọ ò bá rí afẹ́fẹ́ fà?"

Ọkọ mi tún bu omi da sórí rọ́ọ̀gì. Ṣùgbọ́n ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ fákúùmù ti kúrò lọ́wọ́ ọkọ mi, èmi àti Màmá la jọ lọ sí Dùgbẹ̀ lọ ra tuntun. Ọkùnrin tó ń tà á bẹ̀rẹ̀ sí í ka agbára ẹ̀rọ fún wa, ó ń ka àwọ̀, ó ń ka bí wáyà ṣe gùn tó. Màmá ní, "Ọmọ mi, mi ò béèrè agbára. Ohun tó bá gbé mì, ṣé kò ní í pọ̀ ọ́?" Ó búra pé kò lè pọ̀ ọ́. Mo rántí pé mo ti ra láfún lọ́nà, mo sì tọrọ àyè kí n bu díẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì kan níbẹ̀. Màmá rí ohun tí mo fẹ́ ṣe, wọ́n na ìborùn dúdú wọn sẹ́yìn ẹ̀rọ.

Èyí tí a kọ́kọ́ tàn, pupa ni, ó rẹwà, láfún sì fọ́n sára ìborùn títí dúdú rẹ̀ fi di funfun. Èkejì dára díẹ̀ jù ú lọ. Èyí tó kẹ́yìn ò jọ ẹni lójú, àwọ̀ eérú ni, ṣùgbọ́n rọ́bà yí ẹnu ibi tí eruku ń wọ̀ ká, asẹ́ rẹ̀ nípọn, ó sì ṣeé yọ kí a pààrọ̀ rẹ̀. A tàn án títí láfún fi tán nílẹ̀, ìborùn ò yí àwọ̀ padà.

"Eléyìí mọ ẹnu ẹ̀ pa mọ́," ni Màmá wí.

Ọlọ́jà náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin àti ọmọ yín yìí, ẹ ti ba ìyókù ọjà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́." Màmá ò sọ fún un pé ìyàwó ọmọ àwọn ni mí. Mo gbé ẹ̀rọ náà tẹ̀ lé wọn, ọkàn mi fúyẹ́.

Rọ́ọ̀gì gbẹ, ó padà sí pálọ̀, ṣùgbọ́n Màmá ò jẹ́ kí ohunkóhun wà nílẹ̀ yàrá tí ọmọ máa sùn. Nígbà tí ilé-ìwé tún gba ìsinmi, a gbé e lọ tòun ti oògùn tó ń fà símú. Ṣé o mọ bí ọkàn ìyá ṣe ń rí; ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tí mo fi gun ọ̀kadà lọ sí Bẹ́ẹ̀rẹ̀. Gbogbo ojúde agbo ilé náà ti mọ́ nígbà tí mo dé. Ti Màmá nìkan ni kò mọ́. Ewé máńgòrò wà nílẹ̀, háhá àgbàdo wà nílẹ̀, ọ̀rá omi wà nílẹ̀, àwọn èrò Ọjà'ba sì ń kọjá. Láti ọjọ́ tí mo ti di ìyàwó ilé yẹn, mi ò rí irú rẹ̀ rí.  Mo rò pé ohun kan ti ṣe ọmọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Màmá wà lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wọ aṣọ tó mọ́, wọ́n káwọ́ sórí itan. Obìnrin kan tí wọ́n jọ ń tajà dúró lójú ọ̀nà, ó gbé igbá sórí, ó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

"Alhaja, ṣé kò sí o? Ojúde yín rèé! Kí ni kí ọ̀bùn tún wá ṣe?"

"Ọ̀bùn ni mí," ni Màmá dá a lóhùn wẹ́rẹ́. "Bá mi sọ ọ́ dọ́jà. Ọmọ mi ń sùn, fèrèsé ẹ̀ sì ṣí."

Mo lọ sí ìdí fèrèsé, mo tẹ́tí. Èémí rẹ̀ ń lọ jẹ́ẹ́, ó ń bọ̀ jẹ́ẹ́, kò sí súfèé kankan nínú rẹ̀. Mo padà wá jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá.

Àwọn òbí tí ọmọ wọn ní irú àìlera yìí máa ń bi mí báyìí pé irú fákúùmù wo ni kí àwọn rà. Mo máa ń sọ fún wọn kí wọ́n wo asẹ́, kí wọ́n wo rọ́bà ẹnu rẹ̀, kí wọ́n má tẹ̀ lé ariwo. Òótọ́ sì ni, ẹ̀rọ náà dára, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá rántí ìgbà yẹn, ojúde tí wọn ò gbá ni mo máa ń rí. Gbogbo ayé Màmá ni orúkọ ìmọ́tótó yẹn. Wọ́n gbé e sílẹ̀ lójú gbogbo ọjà, kí ọmọ mi lè sùn.