Àmù Tí Mo Kùn Lọ́dà

Ọdún tí ìjọba ní àlìkámà kò gbọdọ̀ wọlé láti òkè òkun mọ́, tí àwọn oníbúrẹ́dì wá ń fi àgbàdo ṣe búrẹ́dì tó ń rún sọ́wọ́ bí ògiri àtijọ́, ọdún yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ amọ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀, èmi ò kàwé. Aíṣà, ọmọ ọmọ mi, ló ń tẹ ohun tí mò ń sọ yìí. Ó ní ẹni tó bá ní ojú ewé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí òun jẹ́. Ó ti kọ "olùdásílẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́" sílẹ̀ dè mí. Mo ní kó pa á rẹ́. Kí ni mo dá sílẹ̀? Ràbíátù ni mí. Mo mọ ìkòkò, mo se oúnjẹ níléèwé, mo dín kúlíkúlí, mo tún padà sídìí ìkòkò. Ó tán.

Ó ní, "Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi kọ́kọ́ fi ìkòkò sílẹ̀?"

Ọmọ yìí ò ní jẹ́ kí n sinmi.

Òkè-Oyi ni wọ́n bí mi sí, àgbẹ̀ ni bàbá mi. Ìlọrin ni mo wá lọ́kọ sí, ní agbo ilé tí gbogbo obìnrin ibẹ̀ ń mọ ìkòkò. Níbẹ̀, obìnrin kọ̀ọ̀kan ní àmì tó máa ń fín sábẹ́ ọrùn ìkòkò tirẹ̀, òun ni oníbàárà fi ń mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìyàwó tó bá ń kọ́ṣẹ́ kò ní àmì. Ti ìyá ọkọ rẹ̀ ni yóò máa fín, títí ìyẹn yóò fi sọ pé ó tó. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi fín àmì ẹlòmíràn. Ìyá ọkọ mi wá ní tí Iléyá bá ti kọjá, òun á jẹ́ kí n fín tèmi. Mi ò ronú ohun mìíràn mọ́.

Àfi bí Àlàájà kan ṣe wọlé dé. Ẹ mọ irú wọn: Mẹ́kà ẹ̀ẹ̀kan, ariwo ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ ṣe wòlímọ̀ Kùránì, ó sì fẹ́ àmù ńlá mẹ́fà fún omi àlejò.

"Ọ̀dà ni kí ẹ fi kùn ún fún mi o, èyí tó ń dán. Mi ò fẹ́ ohun pupa rádaràda yìí lójú àlejò mi."

Ìyá ọkọ mi ò tilẹ̀ gbójú sókè lórí amọ̀. "Àmù tá a bá kùn lọ́dà ò ní í làágùn, Àlàájà. Òógùn yẹn ló ń mú omi inú rẹ̀ tutù."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ máa kọ́ mi lóhun tó dáa ni?"

"Ó tì o. Ẹ lọ ra ike."

Àlàájà bínú jáde, ó bá èmi lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyàwó, ìwọ nìkan lo lajú nílé yìí. Bá mi ṣe é. Màá sọ fún gbogbo Ìlọrin pé ìwọ lo mọ ọ́n."

Orí mi wú. Òmùgọ̀ tó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀! Mo mọ àmù mẹ́fà, mo gbé wọn pa mọ́ sẹ́yìn ilé lẹ́yìn tá a sun wọ́n, mo fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn wọ́n nínú, mo kùn wọ́n lóde. Kò tó mi bẹ́ẹ̀. Mo mú ìṣó, mo họ ilà mẹ́ta sára ọ̀dà náà, mo ní àmì tèmi nìyẹn. Ta ló fún mi láṣẹ? Ojúkòkòrò ni.

Ọjọ́ wòlímọ̀ pé. Omi gbóná bí omi ìwẹ̀ ọlọ́mọ tuntun, ó ń rùn bí ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Wọ́n ní áfáà kan mu ún, ó tu ú dànù lójú gbogbo èèyàn, ó ní, "Ṣé kẹrosíìnì lẹ fi ń ṣàlejò ni?"

Lọ́jọ́ kejì, Àlàájà kó àmù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà, ó tò wọ́n sójú agbo ilé. Ó fọwọ́ lu àmì ibẹ̀. "Ta ló ni èyí?"

Àwọn obìnrin ilé ń wo ara wọn. Kò sẹ́ni tó mọ àmì yẹn. Èmi ni mo jáde síta, mo ní èmi ni mo ni ín. Àlàájà bú mi bí ẹni tí kò bẹ̀ mí rí. Ìyá ò bú mi. Ó kàn wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ìyàwó, o fẹ́ kí wọ́n máa béèrè ẹni tó ni àmì rẹ. Wọ́n ti béèrè. Má fín nǹkan kan nílé yìí mọ́, títí kan tèmi."

Ìtìjú lé mi dé àdúgbò Fate ní Ìlọrin, mò ń se oúnjẹ níléèwé kan. Ọ̀gá ibẹ̀ ní kí n máa bu omi lu ẹ̀wà kó lè pọ̀. Ẹ̀wà tí ọmọ á fi wojú bíi dígí! Mo ní mi ò ṣe, wọ́n ní kí n máa lọ. Ni mo bá ń wọkọ̀ lọ sí Òkè-Oyi láràárọ̀, mò ń dín kúlíkúlí létí títì. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń po gàrí mọ́ ẹ̀pà, wọ́n ní kí èmi náà ṣe é. Ṣé gàrí ni wọ́n ń pè ní ẹ̀pà nílé bàbá wọn?

Lọ́dún kẹfà tí mo ti fi ìkòkò sílẹ̀, ojú Ìyá ti ń ṣe bàìbàì. Ó pè mí.

"Mo gbọ́ pé wọ́n lé ọ nítorí ẹ̀wà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Mo gbọ́ ti gàrí náà. Ó pẹ́ kó o tó gbọ́n. Bọ́ síbẹ̀, po amọ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ bí ìyàwó àná. Ọdún méjì kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń fọwọ́ pa ọrùn ìkòkò mi, ó dúró.

"Kí ló dé tí ibí yìí ṣófo? Fín tìrẹ sí i."

Nígbà tí àwọn ọmọ mi dẹni tó ń ṣiṣẹ́, mo sọ fún wọn pé oníbàárà tó bá ń yìn wọ́n kó lè mú wọn ba iṣẹ́ ọwọ́ wọn jẹ́, kí wọ́n jẹ́ kó bínú lọ. Èyí ọkùnrin, tó ń ránṣọ, ní, "Màmá, tébi bá wá ń pa wá ńkọ́?"

Mo ní, "Ebi ti pa mí rí. Mo jẹun, ó lọ. Ìtìjú ọjọ́ yẹn, mo ti jẹun ogún ọdún lé e lórí, kò tíì lọ."