Baba Gbabí, Ẹni Tí Kò Jẹ́ Kí Àdírẹ́sì Kankan Kú

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Ọ̀gá Àgbà ilé ìwòsàn jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀ láti wo iye bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo. Ọkùnrin onírunmú ni, ó ga, ó sígbọnlẹ̀, ohùn rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ wọ yàrá. Ó tẹ àwòrán kékeré tó máa ń tẹ̀ láràárọ̀ lójú kọ̀ǹpútà náà. Dípò bẹ́ẹ̀dì, ohun tó rí ni: “Ẹ káàbọ̀, Màmá. Oyún yín ti tó oṣù mélòó?”

Ó rò pé òun ló ṣì í tẹ̀. Ó lọ sí ojú ìwé àwọn oògùn. Oyún. Ó lọ sí ojú ìwé yàrá iṣẹ́ abẹ. Oyún. Níkẹyìn ó lọ sí ojú ìwé tí fọ́tò òun fúnra rẹ̀ wà, níbi tí wọ́n to gbogbo iṣẹ́ ribiribi tó ti ṣe sí. Kọ̀ǹpútà ṣì ń béèrè oṣù oyún rẹ̀.

Ó gbé tẹlifóònù. Nísàlẹ̀, nínú yàrá kọ̀ǹpútà, ọkùnrin kan tó fi gíláàsì sí góńgó imú ló gbé e.

“Ta ló ń béèrè oyún lọ́wọ́ mi?”

“Ẹ kú àárọ̀, sà. Kíníìkì aláboyún ni.”

“Mo ti rí i pé kíníìkì aláboyún ni! Kí lèmi ń wá níbẹ̀?”

“Ohun tí èmi náà ń bi ara mi nìyẹn, sà. Ẹ ṣáà kọ òdo sí i, kó lè jẹ́ kí ẹ kọjá. Mo ti ń tún un ṣe.”

Kò sẹ́ni tó rí Ọ̀gá Àgbà nígbà tó kọ òdo. Ṣùgbọ́n nínú ìwé kíníìkì aláboyún ti ọjọ́ yẹn, ẹnì kan wà tí oyún rẹ̀ jẹ́ oṣù òdo, “Ọ̀gá Àgbà” ló sì kọ síbi orúkọ.

Ọkùnrin onígíláàsì yẹn ni Baba Gbabí. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú fáìlì òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é mọ́. Bí o bá pàdé rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí o tó la ẹnu sọ ibi tí ò ń lọ, ó ti na ọwọ́: “Ẹ gbabí.” Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún gan-an kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síyẹn. Ilé ìwòsàn náà ní áàpù kan tí àwọn aláìsàn fi ń gba ọjọ́ tí wọ́n á rí dókítà, tí àwọn òṣìṣẹ́ sì fi ń wo bẹ́ẹ̀dì àti oògùn. Èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Jáfà ni wọ́n fi kọ ọ́, orí sáfà Jáfà ló sì wà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá kan tó ń kùn tọ̀sán tòru nínú yàrá tútù lẹ́yìn tábìlì Baba Gbabí. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún áàpù náà ṣe ni àdírẹ́sì rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ń yí padà. Ẹni tó bá tẹ ti àtijọ́ á kan bá ojú ewé funfun pàdé: “Kò sí ohun tí ẹ ń wá níbí.”

Baba Gbabí kórìíra ojú ewé funfun yẹn bí ẹni kórìíra gbèsè. Nítorí rẹ̀ ló ṣe ní fáìlì kan lórí sáfà. Ìlà kọ̀ọ̀kan nínú fáìlì náà ń sọ pé, ẹni tó bá wá sí ibi báyìí, ẹ darí rẹ̀ sí ibi báyìí. Ẹni tí wọ́n ń darí kì í tilẹ̀ mọ̀. Ní ọjọ́ Ajé tí a ń sọ yìí, ó fẹ́ kọ ọ́ pé kí gbogbo ohun tó bá jẹ mọ́ kíníìkì aláboyún gba ibi tuntun lọ. Ó gbàgbé láti kọ orúkọ kíníìkì náà. Ohun tó ṣẹ́kù sílẹ̀ ni “gbogbo ohun”, sáfà kì í sì í bá èèyàn jiyàn.

Obìnrin tó kọ áàpù náà, tí gbogbo ilé iṣẹ́ mọ̀ sí Ìyá Ìbejì, jókòó sí tábìlì kejì fún ọdún mọ́kànlá. Òun ló máa ń kò ó lójú.

“Ẹ̀yin Baba yìí náà! Ṣé ẹ ò kàn lè sọ fún àwọn èèyàn pé àdírẹ́sì ti yí padà ni?”

“Ìyá Ìbejì, ta ló kó kúrò nílé, àlejò ni àbí onílé?”

“Onílé ni.”

“Ta ló wá yẹ kó wá ẹnìkejì kiri?”

Bí ó ti ń ṣe é níbi iṣẹ́ ló ń ṣe é nílé. Nígbà tó kó kúrò nínú ilé tó kọ́kọ́ gbé, ó kun ọfà pupa kan sára ògiri ibẹ̀, ó kọ “Ẹ gbabí” sábẹ́ rẹ̀. Télọ̀ kan ló gba ilé náà lẹ́yìn rẹ̀. Télọ̀ kun ọfà pa. Lọ́jọ́ kejì, ọfà ti padà síbẹ̀. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí télọ̀ tó lọ bá a nílé, ọfà náà ló sì tẹ̀ lé débẹ̀.

“Baba, ẹ dákun, ilé mi kì í ṣe pátákó.”

“Ẹ má bínú. Àbúrò mi tó wà lókè òkun ni kò tíì mọ̀ pé mo ti kó.”

“Ẹ pè é!”

“Mo ti pè é. Ó ní òun gbọ́. Ẹ ò mọ àbúrò mi ni, kì í gbọ́ nǹkan.”

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ọkùnrin kan gbé àpótí méjì dúró níwájú ilé télọ̀, ó ń kan ilẹ̀kùn, ó ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọfà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, kò rí i. Télọ̀ jáde, ó wò ó, ó wo ọfà, ó gbé àpótí kan lérí, ó sì mú un lọ. Láti ọjọ́ náà, télọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń kun ọfà yẹn bí ó bá ti ń ṣá.

Kì í ṣe pé Baba Gbabí kì í ṣìṣe o. Nígbà kan, ó darí àdírẹ́sì àtijọ́ kíníìkì ọkàn sí tuntun. Ó gbàgbé pé lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, òun ti darí tuntun padà sí àtijọ́ nígbà tí àtúnṣe kan ń lọ lọ́wọ́. Bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà á máa lọ, á máa bọ̀, títí á fi rẹ̀ ẹ́. Kí ọ̀sán tó pọ́n, tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìntì gbé ọ̀pá rẹ̀, ó wọ ọkọ̀, ó wá sí yàrá kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀.

“Láti àárọ̀ ni mo ti ń yípo,” ni tíṣà wí. “Bí mo bá débí, wọ́n ní n lọ sọ́hùn-ún. Bí mo bá dé ọ̀hún, wọ́n ní n padà síbí. Mo sì rò pé mo ti fẹ̀yìntì kúrò nídìí iṣẹ́ ìjọba.”

Baba Gbabí dìde, ó fún un ní àga ara rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́, ó tún ìlà náà ṣe lójú rẹ̀, ó sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà dókítà. Ìyá Ìbejì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ fún oṣù kan gbáko. Bí bàbá náà bá béèrè àlùmọ́gàjí, Ìyá Ìbejì á ní ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé, akọ̀wé á ní ó wà lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì.

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni Baba Gbabí sọ ìdí tó fi kórìíra ojú ewé funfun. Ìyá Ìbejì ń rẹ́rìn-ín sí i lọ́wọ́, ó ní fáìlì yẹn ti fẹ́ dàgbà ju àwọn ọmọ òun lọ. Baba Gbabí bọ́ gíláàsì rẹ̀.

“Ìyá mi lọ kíníìkì ojú lọ́jọ́ kan. Wọ́n ti kó kúrò níbẹ̀. Òpópónà kejì ni wọ́n kó lọ, Ìyá Ìbejì. Òpópónà kejì! Kò sí bébà kankan lára ilẹ̀kùn. Ó kan ilẹ̀kùn títí, ó padà sílé, ó ní bóyá wọn ò ṣe é mọ́. Nígbà tí a fi máa mọ̀, ojú ọ̀tún ti lọ.”

Ìyá Ìbejì kò fi fáìlì náà ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Ọdún tó kẹ́yìn ayé Baba Gbabí ni Ọ̀gá Àgbà sọ̀ kalẹ̀ wá sí yàrá kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ẹnì kan ti sọ fún un pé fáìlì ìdarí ti di ìlà ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá. Ó ní àdírẹ́sì kan ti tó fún áàpù kan, kí wọ́n pa gbogbo ti àtijọ́ rẹ́.

“Ọ̀nà kan ò wọjà, sà,” ni Baba Gbabí wí.

“Má pòwe fún mi. Àdírẹ́sì àkọ́kọ́ yìí, èyí tí nọ́ńbà mẹ́rin wà láàárín rẹ̀, tó wà lára káàdì pupa tí a pín fún àwọn aláìsàn ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ta ló ṣì ń lo káàdì pupa?”

“Èèyàn mẹ́rìnlá ló gba ibẹ̀ wọlé lóṣù tó kọjá, sà.”

“Mẹ́rìnlá péré?”

“Mẹ́tàlá nínú wọn jẹ́ aláìsàn. Àgbàlagbà ni gbogbo wọn, káàdì yẹn nìkan ni wọ́n mọ̀. Bí wọ́n bá bá ojú ewé funfun pàdé, ilé ni wọ́n á jókòó sí.”

“Ẹni kẹrìnlá ńkọ́?”

Baba Gbabí nu gíláàsì rẹ̀ pẹ́. “Ẹni kẹrìnlá ò ṣàìsàn, sà. Ọwọ́ wọn ló máa ń dí.”

“Kó wáyè lọ kọ́ àdírẹ́sì tuntun! Kí ni gbogbo ìyẹn!”

“Mo gbọ́, sà.”

Ó bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi fún un ní ìparí ọdún. Kò rí ìparí ọdún náà. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ó jẹun tán, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, kò sì jí mọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, èrò pọ̀, àwọn tí kò dé ilé rẹ̀ rí pọ̀ nínú wọn. Kò sẹ́ni tó ṣìnà. Télọ̀ ti kun ọfà láti ilé tirẹ̀ títí dé ẹnu géètì olóògbé.

Àṣẹ Ọ̀gá Àgbà kò bá a kú. Ìwé dé sórí tábìlì Ìyá Ìbejì pé kó pa àwọn ìlà àtijọ́ rẹ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Kò tíì ṣí fáìlì náà rí, ti Baba Gbabí nìkan ni. Nígbà tó ṣí i, ó rí i pé bàbá náà ti kọ ọ̀rọ̀ sórí ìlà kọ̀ọ̀kan, irú èyí tí sáfà kì í kà, tó jẹ́ pé èèyàn nìkan ló wà fún.

“Ìlà yìí fún tíṣà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n yípo mọ́.”

“Ẹ má fọwọ́ kan èyí. Èmi náà ò mọ ohun tó ń ṣe, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo yọ ọ́, gbogbo ilé oògùn ló kígbe.”

“Ẹni tó ń gba ibí ti kú. Mo fi í sílẹ̀ nítorí ọmọ rẹ̀.”

Ìyá Ìbejì ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú, títí ó fi padà sókè pátápátá, sí ìlà kìn-ín-ní.

“Káàdì pupa. Aláìsàn mẹ́tàlá, àti Ọ̀gá Àgbà. Lọ́dún tí a bẹ̀rẹ̀ ni Ọ̀gá ti fi àdírẹ́sì yìí sójú kọ̀ǹpútà wọn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń gbà wọlé láràárọ̀ títí dòní. Wọn ò mọ̀. Ẹ má sọ fún wọn, ojú á tì wọ́n.”

“Bàbá yìí!” ni Ìyá Ìbejì pariwo sí àga tó ṣófo. “Ẹ ní ohun tí ẹ lè fi borí, ẹ wá gbé e pa mọ́!”

Ó jókòó, ó rò ó. Bí òun bá pa ìlà náà rẹ́, àgbàlagbà mẹ́tàlá á jókòó sílé. Bí òun bá sọ ọ́, òun ti dalẹ̀ òkú. Ìgbà náà ló rántí òfin ilé iṣẹ́, pé wọn kì í pa ohunkóhun rẹ́ láìjẹ́ pé Ọ̀gá Àgbà buwọ́ lù ú. Ó tẹ gbogbo fáìlì náà jáde, ojú ewé mọ́kànlélógún, ó sì gbé e gòkè lọ.

“Ẹ buwọ́ lù ú, sà. Ṣùgbọ́n ẹ rọra ka ojú ewé kìn-ín-ní.”

Ọ̀gá Àgbà kà á. Ó tún un kà. Ó yíjú sí kọ̀ǹpútà, ó tẹ àwòrán kékeré náà, ó tẹjú mọ́ òkè. Àdírẹ́sì tó ní nọ́ńbà mẹ́rin yọ, ó ṣẹ́jú, ó di tuntun.

“Ó mọ̀?”

“Ó mọ̀, sà.”

“Lọ́jọ́ tí mo ń pariwo mọ́ ọn pé kí ẹni kẹrìnlá lọ kọ́ àdírẹ́sì tuntun?”

“Ó ní ọwọ́ ẹni náà ló máa ń dí, sà.”

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Ọ̀gá Àgbà, irunmú rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fi ọwọ́ bojú, nígbà tó sì sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. “Ọdún mọ́kànlá ló ń ṣílẹ̀kùn fún mi láràárọ̀. Mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí.” Kò buwọ́ lu ojú ewé kankan. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sórí rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan fáìlì náà.

Ìyá Ìbejì ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tó pè é padà.

“Ojú ìwé tirẹ̀ ńkọ́? Èyí tí fọ́tò rẹ̀ wà?”

“Wọ́n ti yọ ọ́, sà, bí wọ́n ṣe ń yọ ti gbogbo òṣìṣẹ́ tó bá kú. Ẹni tó bá wá a báyìí, funfun ni wọ́n á bá.”

“Rárá o. Kì í ṣe Baba Gbabí ni èèyàn á máa wá tí á bá funfun.” Ó wá sọ ibi tí wọn yóò darí rẹ̀ sí. Ìyá Ìbejì wò ó bóyá ó ń ṣeré ni. Kò ṣeré.

Ìlà náà ló kẹ́yìn nínú fáìlì, ìlà ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́tàlá. Ẹni tó bá wá Baba Gbabí níbẹ̀, ohun tó máa rí ni: “Ẹ káàbọ̀, Màmá. Oyún yín ti tó oṣù mélòó?” Àwọn nọ́ọ̀sì kíníìkì aláboyún sì ní, ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí aláboyún kankan tó dé, orúkọ kan ti máa ń wà lókè ìwé wọn: Ọ̀gá Àgbà, oṣù òdo. Wọn kì í pa á rẹ́.