Kàsímù Jẹ̀bi Láìṣẹ̀

Kò sẹ́ni tó rí Kàsímù, tó ń rán fìlà ní Jankara, kó bá àgbà jiyàn rí. Lágbo ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó, bí aáwọ̀ bá ṣẹlẹ̀, ọmọdé ni yóò kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀, ó ṣẹ̀ o, kò ṣẹ̀ o. Á ní òun jẹ̀bi, àgbà á ní kó dìde, ọ̀rọ̀ á bùṣe.

Lọ́dún 1956, àkùkọ Papa Septimus, àgbà Sàró tí ilé wọn kọjú sí ti Kàsímù, di àwátì. Wọ́n rí ìyẹ́ pupa lẹ́nu ọ̀nà Kàsímù, ni ọlọ́pàá bá mú un. Bẹ́ẹ̀ Èbúté Èrò lòun àti Hàwáwù ìyàwó rẹ̀ wà látàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ní kóòtù, wọ́n bi í bóyá ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Ojú Papa Septimus ló ń wò: ewú funfun báláú, ọ̀pá lọ́wọ́. Ṣé irú àgbà bẹ́ẹ̀ lèèyàn á pè lónírọ́ ní gbangba? Kàsímù nà gbalaja.

“Mo jẹ̀bi, Papa. Ẹ má bínú.”

Ó wà nílẹ̀, ó ń retí kí wọ́n ní kó dìde. Wọ́n sì ní kó dìde lóòótọ́: ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta!

Hàwáwù, tóyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́fà, sáré tọ Lọ́yà Ignatius lọ. Bí ẹ̀wọ̀n yẹn bá dúró, ta ni yóò gbọ́mọ lọ́jọ́ ìkómọ? Lọ́yà gba béèlì ọkọ rẹ̀, ó sì pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ó bi Kàsímù léèrè ìdí tó fi jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe. Kàsímù ní bàbá òun ló kọ́ òun pé ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Lọ́yà ṣàlàyé pé “mo jẹ̀bi” agbo ilé, ẹ̀bẹ̀ ni, ti kóòtù, òun ni “èmi ni mo jí àkùkọ.” Ẹnu Kàsímù là sílẹ̀. Lọ́yà kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ dọ̀bálẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ ẹjọ́ pé. Lọ́yà ìjọba, àgbàlagbà tó ti hewú, gbá tábìlì, ó ní ọkùnrin yìí fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́, ó tún wá ń fàkókò gbogbo ayé ṣòfò. Kàsímù rí ewú, ó rí ìbínú. Kí Ignatius tó di aṣọ rẹ̀ mú, ó ti wà nílẹ̀.

“Mo jẹ̀bi, bàbá. Ẹ má bínú.”

Ignatius fọwọ́ bojú. Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀.

“Kí lo tún jẹ̀bi rẹ̀ báyìí?”

“Mi ò tíì mọ̀, Olúwa mi. Mo rí i pé inú ń bí wọn ni.”

Ẹ̀rín gba gbogbo kóòtù! Adájọ́ ní ohun tí Ignatius ti ń ṣàlàyé látàárọ̀, oníbàárà rẹ̀ ti fàyà lélẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ tán. Ó fagi lé ìdájọ́ náà, ó ní kí adájọ́ mìíràn tún ẹjọ́ gbọ́.

Nígbà tí wọ́n tún bi í, Kàsímù di ojú méjèèjì pinpin kó má baà rí Papa Septimus. Ó ní, “Mi ò jẹ̀bi.” Papa fúnra wọn gbà pé ìyẹ́ nìkan làwọn rí, atẹ́gùn sì lè gbé ìyẹ́ débikíbi. Wọ́n dá Kàsímù sílẹ̀.

Lọ́jọ́ ìkómọ, bàbá ọmọ gan-an ló gbé ọmọ fún Lèmọ́mù.