Sàárè Nínú Kíláàsì Tìsà Abọ́sẹ̀dé

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Tìsà Abọ́sẹ̀dé ló fọwọ́ ara rẹ̀ pa ilé-ìwé rẹ̀, ẹ ní èmi Memunat ní irọ́ ni. Ojú mi ló ṣe. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn kékeré ibẹ̀ ní a, b, d, fún ọdún mẹ́sàn-án gbáko.

Kì í ṣe ilé-ìwé ìjọba, kì í sì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì. Pálọ̀ iwájú ilé ẹbí Tìsà ní Lafiaji, l'Ékòó, ni. Lọ́dún 1959, ilé-ìwé tí Tìsà ti ń ṣiṣẹ́ lé e dànù nítorí ó lóyún láìlọ́kọ. Oyún náà bàjẹ́, iṣẹ́ sì ti lọ. Bàbá Ọlátúndé, àbúrò bàbá rẹ̀ tó jẹ́ olórí ẹbí, ló ní kó máa lo pálọ̀ náà. Tìsà kò bímọ mọ́. Ilé-ìwé yẹn lọmọ rẹ̀, ká má parọ́.

Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kan etí, tí àwọn ilé-ìwé ńlá kọ̀, Tìsà á gbà á. Akólòlò ńkọ́? Ó gbà á. Ọmọ ìmàle, ọmọ ìgbàgbọ́, orí bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n ń jókòó sí, àdúrà kan náà ni wọ́n sì ń gbà, èyí tí kò dárúkọ Jésù tí kò dárúkọ Ànábì. Àwọn alágídí kan wá bá a jà sí i. Kò yí àdúrà náà padà.

Lọ́dún 1974, Bàbá Ọlátúndé kú. Káyọ̀dé, àkọ́bí rẹ̀, ní bàbá ti sọ ọ́ tipẹ́ pé pálọ̀ tí ìyá òun bí òun sí ni kí wọ́n sin òun sí. Tìsà kúnlẹ̀ fún un, àgbàlagbà tó kúnlẹ̀ fún àbúrò rẹ̀! Ó bẹ̀ ẹ́ kí wọ́n sin bàbá sẹ́yìnkùlé. Wọ́n ní kànga ló wà níbẹ̀. Káyọ̀dé kò tiẹ̀ bínú, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó ní kí Tìsà má mikàn, àwọn á fi sìmẹ́ńtì tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, àwọn ọmọ á sì máa jókòó bí wọ́n ṣe ń jókòó.

Tìsà rò ó. Ilé mélòó ni kò sí òkú nínú ní Èkó yìí? Àwọn òbí ọmọ wọ̀nyí ń jẹ, wọ́n ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàárè bàbá wọn. Ó bá gbà. Èmi náà bá a gbà á, orí mi kò pé.

Nígbà tí sìmẹ́ńtì gbẹ, a fọ ilẹ̀, a to bẹ́ǹṣì, a lu agogo ní Mọ́ńdè. Kò sí ọmọ kankan tó wá. Lọ́jọ́ kejì, a bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé. Àwọn kan ní ibà ló ń ṣe ọmọ, àwọn kan ní ó lọ sí oko. Àdìjátù tó ń ta mílíìkì lọ́jà Òkè Àrin, tí Tìsà ti kọ́ ọmọ rẹ̀ mẹ́ta, ló sọ òótọ́.

“Tìsà, ẹ má bínú,” ló wí. “Bàbá mi wà ní pálọ̀ mi, ibẹ̀ ni mo ń sùn. Ṣùgbọ́n bàbá tèmi nìyẹn. Òkú tó wà lọ́dọ̀ yín, kò mọ ọmọ mi rí.”

Mo fẹ́ bú u. Òótọ́ korò.

Tìsà wá yàrá mìíràn kiri fún ilé-ìwé náà títí dé ẹ̀gbẹ́ Iga Idunganran, ààfin ọba. Onílé kan ní òun á ronú sí i, òmíràn ní òun kò lè gba ariwo ọmọ láyè. Kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbogbo ọmọ ti wọ ilé-ìwé mìíràn. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo bá a tó jókòó sẹ́bàá sàárè náà.

“Memunat,” ló ní, “má wá mọ́.”

Mo rò pé ó ń lé mi ni, inú sì bí mi. Mi ò lọ mọ́. Oṣù mẹ́rin ló fi ń dá jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán kí ẹbí tó mú un lọ sí Ìjẹ̀bú. Láti pálọ̀ náà dé ilé mi kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, mi ò sì yà kí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.